Ìyá Ọlọ́tí ń Dáhùn: Ìgò Inú Ṣó-Gíláàsì

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé nípa ẹmu àti ògùrọ̀ lójú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ wáìnì ni ẹ ń bi mí ṣáá. Kò yà mí lẹ́nu. Oṣù Kẹta la wà, oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣe é bá ṣeré, ìgbéyàwó sì ń bọ̀ lọ́tùn-ún lósì lẹ́yìn Àjíǹde. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí: adẹ́mu ni bàbá mi, lábúlé kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Èmi náà ti ń ta ọtí nítòsí Tákíè láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi tí kò fẹnu kan ọtí rí ni ọkọ mi. Bí a ṣe ń gbé pọ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdúgbò Under G ni mò ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ni. Àwọn àna mi kọ páálí wáìnì méjì mọ́ ẹrù ìdána tí mo máa gbé wá. Mi ò ra wáìnì rí láyé mi. Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó dáa? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ fi mí rẹ́rìn-ín. — Ọkọ Ìyàwó Ọ̀la*

Ọmọ mi, o kú oríire. Kí o tó ná kọ́bọ̀ kan, lọ bi ìyàwó rẹ pé kí ni wọ́n ń pè ní wáìnì nílé wọn. Mi ò ṣàwàdà. Lójú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ìlú yìí, ohun dídùn tó ń hó, tí kì í pa èèyàn, ni wáìnì. Nígbà tí àkọ́bí mi obìnrin ń relé ọkọ, èmi tí mo rò pé mo gbọ́n, mo gbé ọtí pupa ilẹ̀ Faransé síwájú àwọn bàbá, èyí tó gbówó lórí jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn tọ́ ọ wò, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìyá ìyàwó, ẹ má bínú o, eléyìí ti kan." Kò kan. Kò ní ṣúgà nínú ni. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jiyàn lọ́jọ́ ìdána ọmọ mi? Mo sáré gbé èyí tó dùn wá, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi.

Torí náà, ọ̀rọ̀ tó ń sọ bóyá ó dùn ni kí o kọ́kọ́ wá lára ìgò. Bí wọ́n bá kọ dry, tàbí sec tàwọn Faransé, tàbí secco tàwọn ará Ítálì, kò dùn. Òmíràn a sì máa gbẹ ahọ́n bí ẹni jẹ obì. Èyí tó dùn ni sweet, doux, dolce, dulce. Semi-sweet àti semi-dulce wà láàárín. Èyí tó ń hó ló máa ń da èèyàn lójú rú: brut kò dùn, extra dry fi díẹ̀ dùn jù ú lọ, demi-sec ló wá dùn gan-an. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀ ló mọ ohun tó ń rò.

Ọdún tí o bá rí lára ìgò kì í ṣe ọdún tó máa bàjẹ́. Ọdún tí wọ́n ká èso àjàrà rẹ̀ ni. Ní South Africa, láàárín Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹrin ni ìkórè máa ń bọ́ sí. Ní Faransé àti Sípéènì, ó di Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kẹwàá. Nínú wáìnì tí owó rẹ̀ kò ga, mú èyí tí ọdún rẹ̀ sún mọ́ wa. Bí ọlọ́jà bá gbé èyí tó ti lé lọ́dún márùn-ún síwájú rẹ, tó ní "ó ti gbó dáadáa," bi í pé ibo ló ti gbó sí.

Lẹ́yìn náà, gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ọtí dé ọrùn ìgò. Bó bá ti fà dé èjìká, ó ti ń jò. Fi àtàǹpàkò kan orí rẹ̀. Bí kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dí ẹnu ìgò bá ti ń yọrí sókè lábẹ́ ohun tí wọ́n fi bò ó, tàbí tí nǹkan kan ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́rùn ìgò, ooru ti ṣe é léṣe. Dá a padà. Wá nọ́ńbà NAFDAC. Kí o sì wo ibi tí páálí wà nínú ṣọ́ọ̀bù ju bí o ṣe ń wo ìgò lọ. Mo mọ ẹnì kan tó ń to páálí wáìnì sójú títì bí ẹni to búlọ́ọ̀kù, láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kí àwọn èèyàn lè rí i pé ó lọ́jà. Wáìnì sísè ló ń tà.

Ìgò kan jẹ́ sẹ̀ntílítà 75, gíláàsì márùn-ún ni bí wọ́n bá bù ú bó ṣe yẹ. Páálí òmíràn ìgò mẹ́fà ló ń gbà, òmíràn méjìlá, nítorí náà bi àwọn àna rẹ léèrè èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Kọ́kọ́ ra ẹyọ kan, kí ìwọ àti ìyàwó rẹ tọ́ ọ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bí ó bá ti dùn mọ́ ìyá ìyàwó, ó ti bùṣe.

*Ìyá Ọlọ́tí, mo kí yín. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dún 2008, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ fún mi ní ìgò wáìnì pupa kan. Mi ò ṣí i. Inú ṣó-gíláàsì ní pálọ̀ ló wà, kò sí àlejò tí kì í rí i. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé bí wáìnì bá ṣe ń pẹ́ sí i ni owó rẹ̀ ń gòkè. Èló ló máa tó báyìí? — Olùkọ́ Àgbà, Òkèlérin*

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Mo mọ ilé tó tó ogún nílùú yìí tí irú ìgò bẹ́ẹ̀ wà, láàárín fọ́tò ìgbéyàwó àti àwọn àwo tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi jẹun. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: kò tó kọ́bọ̀.

Ọmọ yín kò purọ́ o, ṣùgbọ́n òótọ́ Lọ́ńdọ̀nù ló sọ. Wáìnì kan wà tó ń dára sí i bó ṣe ń gbó: àwọn kan láti Bordeaux ní Faransé, Barolo ti Ítálì, Port ti ilẹ̀ Pọtogí. Ohun tó ń gbé àwọn yẹn ró wà nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, yálà ìgbẹnu bíi ti obì, tàbí ìkan bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí ṣúgà tó pọ̀. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ́ wọn sí, nínú òkùnkùn, ní ìdùbúlẹ̀, níbi tí òṣùwọ̀n Celsius kì í ti í kúrò ní nǹkan bíi 13, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó kù, tí wọ́n pọ̀ jù nínú wáìnì tí wọ́n ń ṣe láyé, láàárín ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rọ ọ́ sígò ni wọ́n fẹ́ ká mu ún tán. Wọn ò ṣe é fún àkójọ.

Ti yín wá wà lórí ìdúró láti 2008. Nígbà tí ọtí kò kan kọ́ọ̀kì, kọ́ọ̀kì náà gbẹ, ó sún kì, afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Pálọ̀ a máa gbóná lọ́sàn-án, a máa tutù lóru. Bó bá gbóná, ọtí a wú, a máa ti kọ́ọ̀kì. Bó bá tutù, a fà sẹ́yìn, a sì mu afẹ́fẹ́ kan sínú. Ojoojúmọ́ ni, Bàbá, fún gbogbo ọdún wọ̀nyí. Iná wínníwínní tí wọ́n fi sínú ṣó-gíláàsì kí ó lè máa dán náà kò jẹ́ kó sinmi.

Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ pe méjì mẹ́ta nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kí ẹ ṣí i. Ẹ rọra yí ìṣígò, kọ́ọ̀kì tó ti gbẹ a máa rún. Bó bá rún sínú, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ da díẹ̀ sínú gíláàsì, kí ẹ gbé e síwájú aṣọ funfun. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti dà bí omi tíì, tí òórùn fínígà tàbí ti èso gbígbẹ ń jáde, ó ti lọ nìyẹn. Kò ní ṣe yín ní jàǹbá, kò kàn ní dùn ni. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ó ṣì dáa, ẹ tètè ránṣẹ́ pè mí. Ẹ gbé òfìfo ìgò náà padà sáyè rẹ̀. Àwọn àlejò kò ní mọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Èmi àti ọkọ mi máa ń mu gíláàsì kọ̀ọ̀kan lálẹ́ Sátidé. Ìbàdàn la ti ń ra ìgò mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, torí ó dínwó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé wa ò ní sílíìnì, páànù ló wà lórí wa, iná kì í dúró, fíríìjì wa kéré. Níbo ni ká tọ́jú ẹ̀ sí? — Ìyàwó Ilé, Sábó*

Ọmọ mi, ìbéèrè yìí ni mo ti ń retí. Lọ́dún tó kọjá, mo ra ohun tí àwọn olóròmọdìẹ fi ń wọn ìgbóná ilé adìẹ, mo sì gbé e kiri ilé mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Díákónì ní nǹkan ti dé bá mi. Lágogo mẹ́ta ọ̀sán, lórí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀: 36. Ní ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì: 37, torí ooru tí fíríìjì ń lé kúrò nínú ikùn rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń tú u sí. Ó sì jẹ́ pé orí fíríìjì gan-an ni ọ̀pọ̀ yín ń gbé wáìnì sí! Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá ẹ̀yìn tí oòrùn kì í dé, lórí sìmẹ́ǹtì: 29. Inú ilé kan náà, ọjọ́ kan náà.

Èmi náà mọ̀ pé 29 jìnnà sí 13. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tètè ba wáìnì jẹ́ nílé wa ni ooru tó ga àti ìyípadà gbóná-tutù gbóná-tutù yẹn. Ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí mo jí wò ó lóru, 28 ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè, kò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Èmi máa ń fi wáìnì síbẹ̀ fún oṣù méjì mẹ́ta, kì í sì í yí padà lẹ́nu mi. Mi ò ní fi í síbẹ̀ lọ́dún gbáko. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú páálí tó bá a wá, kí ẹ dé páálí náà, torí ìmọ́lẹ̀ náà ń bà á jẹ́, pàápàá jù lọ èyí tó wà nínú ìgò funfun tí a ń rí inú rẹ̀. Kí èyí tó ní kọ́ọ̀kì dùbúlẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé ìdérí rẹ̀ ń yí, bó bá wù yín ẹ dá a dúró.

Nígbà tí ọyẹ́ dé ni mo rántí ìkòkò. Ẹ̀yin tí ẹ ti mu omi àmù rí mọ̀ bó ṣe máa ń tutù láìsí iná. Mo wá ìkòkò amọ̀ ńlá kan, mo da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo gbé ìkòkò kékeré sínú rẹ̀, mo sì fi yanrìn kún àárín àwọn méjèèjì. Mo ń bu omi sí yanrìn yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo fi ọ̀rá wé ìgò kí ìwé ara rẹ̀ má bàa jẹrà, mo gbé méjì sínú ìkòkò, mo fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Ó wá dé 21! Omi tó ń gbẹ kúrò lára amọ̀ ló ń kó ooru lọ. Kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ kan ní Jígáwá, Mohammed Bah Abba, ló sọ irú ìkòkò-nínú-ìkòkò bẹ́ẹ̀ di ohun tí ayé gbọ́, torí kí tòmátì àwọn àgbẹ̀ má bàa máa jẹrà. Bóyá inú rẹ̀ ì bá dùn sí ohun tí mo fi ṣe, mi ò lè sọ.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo ń bá a lọ títí dé Oṣù Keje. Nígbà òjò, omi ti kún inú afẹ́fẹ́, yanrìn kò gbẹ, ìkòkò kò sì tutù mọ́. Ohun tí mo rí nígbà tí mo ṣí ọ̀rá ni èébu lára kọ́ọ̀kì àti aláǹgbá kékeré kan tó ti sọ ibẹ̀ di ilé. Ẹ̀rùn àti ọyẹ́ nìkan ni ìkòkò wà fún.

Ti Ìbàdàn yẹn, ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sọ́dọ̀ wa, búùtù mọ́tò lọ́sàn-án sì gbóná ju orí kọ́bọ́ọ̀dù mi lọ. Ẹ rà á lówùúrọ̀, kí ẹ sì máa bọ̀ lówùúrọ̀, kí ẹ gbé e sí ẹsẹ̀ yín. Mẹ́ta tó yín. Gíláàsì méjì lọ́sẹ̀, ìgò mẹ́fà máa gbé yín dé ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ sì ti fi owó tó dín san gbèsè ooru.

*Màmá, ìgò tí a ṣí lọ́jọ́ Sátidé yẹn ńkọ́? Ṣé a lè mu ún títí dé Sátidé kejì? — Ìyàwó Ilé yìí kan náà*

Ó jọ pé o mọ̀ pé màá bi ọ́. Rárá, kò lè dé Sátidé kejì kó ṣì dùn. Ṣé o rántí ẹmu? Bàbá mi á gbé e wálé láàárọ̀, ó dùn bí oyin. Di ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò rí ni, afẹ́fẹ́ ló sì ń fún wọn lágbára. Irú wọn kan náà ló ń sọ wáìnì di fínígà, àmọ́ wáìnì ní agbára ju ẹmu lọ, nítorí náà ó ń rọra lọ. Bí ẹ bá dé e padà, tí ẹ gbé e sí fíríìjì, pupa tàbí funfun, ó máa lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tó ń hó, ọjọ́ kan sí mẹ́ta, pẹ̀lú ìdérí tó há. Ṣíbí tí wọ́n ń kì bọ ẹnu ìgò yẹn kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí èmi ń ṣe: bí mo bá ti ṣí ìgò ńlá, kí a tó mu ún ni mo máa ń rọ ìdajì sínú ìgò kékeré tó mọ́, kó kún dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má ráyè, màá wá dé e pinpin. Ìyẹn lè bá yín dé Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì. Ẹ yí Sátidé padà díẹ̀.

*Ṣé òótọ́ ni pé wọn kì í gbé wáìnì pupa sí fíríìjì? Wọ́n ní bí yàrá ṣe rí ni kó rí.*

Yàrá ta ni? Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́, nínú ilé olókùúta tó tutù ni wọ́n ń gbé, níbi tí yàrá kò ti ju bíi 18 lọ. Ẹ wo 36 tèmi. Ẹ gbé wáìnì pupa sí fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún. Èyí funfun àti èyí tó ń hó ń fẹ́ wákàtí mẹ́ta. Bó bá wù yín kí ẹ ju yìnyín sínú èyí tó dùn, ẹ jù ú, kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Ẹ má kàn gbé ìgò sí fírísà kí ẹ sì lọ sí ìpàdé ẹbí. Omi tó bá dì a máa wú, ìgò a sì bẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣa àfọ́ nínú fírísà mi.

*Ìyá wa, a fẹ́ ra wáìnì fún àjọ̀dún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Báwo la ṣe máa mọ èyí tí kò lọ́tí nínú dájúdájú? Ìtìjú dé bá wa lọ́dún tó lọ. — Ìyá Ìjọ kan*

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ má wo ìrísí ìgò. Gbogbo wọn ló ń wọ aṣọ kan náà. Ẹ wá nọ́ńbà tó bá àmì ìdá nínú ọgọ́rùn-ún rìn. Bó bá jẹ́ 11 sí 14, ọtí gidi ni. Bó bá jẹ́ 5 tàbí 6, ọtí ni, bó ti wù kó dùn tó. Mo rò pé òun ló kó yín sí ìtìjú yẹn. Bó bá jẹ́ 0.0, kò sí níbẹ̀. Ẹ kíyè sí 0.5: ọtí tí wọ́n yọ agbára rẹ̀ ni, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Àwọn kan kò ka ìyẹn sí, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ìjọ yín gbà.

Irú ìṣòro yín yìí ló bí omi èso àjàrà inú ìgò. Lọ́dún 1869, oníṣègùn eyín kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Amẹ́ríkà, Thomas Welch, kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ọtí ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ó se omi èso àjàrà nínú ìgò tí wọ́n ti dé, bí Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé, ṣe fi hàn pé ooru ń pa ohun tó ń sọ ọ́ di ọtí. Ọkọ mi fẹ́ràn ìtàn yìí débi pé ó ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wo ọjọ́ ìparí lára tiyín o. Kò ní agbára ọtí tó lè dáàbò bò ó; bí ẹ bá ti ṣí i, fíríìjì ni, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ díẹ̀.

*Màmá, wọ́n ní wáìnì pupa ń fún èèyàn ní ẹ̀jẹ̀. Mo lóyún oṣù mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ mi kò sì tó. Èwo ni kí n rà?*

Má ra ìkankan. Padà sọ́dọ̀ dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, lo oògùn tó fún ọ, kí o sì máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ara èso àjàrà ni àwọ̀ pupa yẹn ti wá, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ọtí kò sì dára fún ọmọ inú rẹ rárá. Bí o bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, omi ni màá tà fún ọ.